Ọ̀dà Ìparí Ọdún ní Òpópónà Wa

Bí ọ̀dà bá ń hó nínú dírọ́ọ̀mù, òórùn rẹ̀ máa ń wọ inú búrẹ́dì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ní ilé búrẹ́dì kékeré kan nígbà náà, lẹ́yìn ilé wa ní Dutse Alhaji, létí olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, níbi tí ilẹ̀ ti pupa bí epo, tí àpáta sì ń yọrí láàárín ilé àwọn ènìyàn. Ní ìparí ọdún 2013, nígbà tí ọyẹ́ ti da eruku bo gbogbo nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ kan dáná sábẹ́ dírọ́ọ̀mù dúdú níwájú ilé wa, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí dá búrẹ́dì padà. Wọ́n ní ó ń rùn bíi táyà. Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rùn. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì kọjá, inú a máa bí mi, kì í sì í ṣe nítorí búrẹ́dì. Nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ní kí wọ́n da ọ̀dà náà ni.

Ìwọ náà mọ irú òpópónà tí mò ń sọ. Ìjọba kò ṣe títì síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé yóò ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítòsí ọ̀nà Bwari, ó dà gẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀ títí dé igun kan, níbi tí ọ̀nà tóóró kan ti yà lọ sétí odò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílé ibẹ̀ ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọkọ mi náà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í sì í pariwo. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé, ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́, ó ti di òtítọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn onílé.

Ní igun ìsàlẹ̀ yẹn ni ìyá àgbà kan ń gbé, opó ni, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Okun láti Kogi. Ìyá Igun la máa ń pè é. Owó ìfẹ̀yìntì òun àti ti olóògbé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, yàrá ńlá tó wà níwájú rẹ̀ ló sì ti ń bá àwa ará àdúgbò tọ́jú ọmọ. Ẹni tó bá ń gbé ní Dutse tó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni o ti gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní débẹ̀ lásìkò. Ìyá Igun a ti dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìborùn léjìká, a gba ọmọ tó ṣì ń tòògbé lọ́wọ́ rẹ, a kí ọ bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn, a ní, "Okun o. Máa lọ, má wẹ̀yìn." Àbígbẹ̀yìn mi wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ alága ẹgbẹ́ wa náà wà níbẹ̀. Ohun tí ìyá yìí ń jẹ nìyẹn, kò sì ní ọ̀nà mìíràn.

Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lókè, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni omi rẹ̀ ń forí lé. Nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ erùpẹ̀, omi ti fúnra rẹ̀ gbẹ́ kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀, ó ń gba ibẹ̀ yà sí ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì ń lọ sódò láì dá ẹnikẹ́ni láàmú. Kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá dí kòtò yẹn láì gbẹ́ gọ́tà tó dára síbẹ̀, inú yàrá àwọn ọmọ ni omi máa wọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń rá kòrò nínú yàrá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Alága wa jẹ́ dárẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ti tán. Nígbà tí a pinnu pé kí a dáwó jọ ṣe títì, èmi rò pé a máa pe kọngílá, a máa dúnàádúrà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Alága ní rárá, ó ní àwọn nǹkan ní ìlànà. Ó yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ yan ìgbìmọ̀ kékeré. Wọ́n tún wá yan àwọn mìíràn tí yóò máa wo ohun tí ìgbìmọ̀ kékeré ń ṣe. Wọ́n rán jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn, wọ́n wọ̀ ọ́ láti wá wo òpópónà tí wọ́n ń gbà jáde nílé láràárọ̀, wọ́n sì gba owó mọ́tò fún ìrìn náà. Owó mọ́tò! Láti ẹnu géètì kan dé èkejì! Èmi ni mò ń yan mítì-páì tí wọ́n ń jẹ nípàdé, nítorí náà mo ráyè wò wọ́n dáadáa. Wọ́n á jẹun, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á sì sún ìpàdé síwájú.

Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kíákíá ni ibi tí wọ́n ti ń pín owó tí kálukú máa san. Àwọn kan ní kí gbogbo ilé san iye kan náà. Àwọn mìíràn ní kí ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ san púpọ̀, èyí tó dára létí tèmi. Alága wá dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ tò. Ó ní nígbà tí òun lọ kọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, òun rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ìjọba ìlú a tún títì ṣe, a wá wọn iwájú ilé kọ̀ọ̀kan tó kọjú sí títì náà, bí iwájú ilé rẹ bá ṣe gùn tó ni owó rẹ á ṣe pọ̀ tó. Ó ní òótọ́ inú nìyẹn, ó ní ọ̀làjú nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí kò sọ ni pé ilẹ̀ tirẹ̀ rí bí ìgò. Ọrùn rẹ̀ tó kọjú sí títì kò ju ibi tí géètì rẹ̀ fẹ̀ dé lọ, ṣùgbọ́n bí o bá wọlé, o ó rí i pé ibẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gbin ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó sì kọ́ ilé àwọn ayálégbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀làjú yẹn bá a lára mu gan-an ni.

Ọjọ́ tí wọ́n mú téèpù jáde, wọ́n wọn ilé gbogbo wa títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Igun. Wọ́n wọn iwájú ilé rẹ̀ tó wà lójú òpópónà. Lẹ́yìn náà ni alága ní kí wọ́n fa téèpù yí igun ká, kí wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà tóóró yẹn náà. Ìyá Igun jókòó sórí àpótí lẹ́nu géètì, ọmọ kan ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń wò wọ́n.

"Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yìí," ló wí, "ṣé ẹ máa da ọ̀dà sí òun náà ni?"

"Rárá o, Màmá," alága dáhùn. "Kò sí nínú phase one."

"Kí wá ni mò ń sanwó ẹ̀ fún?"

"Ó kọjú sí títì, Màmá. Ìlànà ni. Ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ ní, ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ máa san."

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà tútù, bí ẹni tó ń kọ ẹsẹ Bíbélì. Ìyá Igun kò bá wọn jà. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé gọ́tà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe? Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi iṣẹ́ hàn án lórí ìwé tí ìgbìmọ̀ kékeré yà: gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì títí dé odò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà. Alága gbé ọwọ́ sí àyà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa tọ́jú ọmọ, ṣé a jẹ́ jẹ́ kí omi wọlé tọ̀ yín?" Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló san owó náà títí ó fi pé, ó sì san án ṣáájú àwọn tí orúkọ oyè gùn níwájú orúkọ wọn.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó yẹ kí a fi gbẹ́ gọ́tà, ìpàdé ló jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wo ìwé àwọn kọngílá, wọ́n dá ìwé padà nítorí pé ẹnì kan kò fọwọ́ sí i níbi tó yẹ, wọ́n tún pè é wá. Oṣù Kẹwàá kọjá, oṣù Kọkànlá kọjá. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, bí mo ṣe gbé oúnjẹ ọ̀sán fún ọkọ mi lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní alága ti ní kí wọ́n pa gọ́tà tì ná, kí wọ́n da ọ̀dà.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Gọ́tà máa pẹ́. Ọdún sì ti ń parí lọ. Ọ̀dà ò ní gbà wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. A gbọ́dọ̀ ná owó yẹn kí ọdún tó parí."

"Bí ẹ ò bá ná an ńkọ́?"

"Á lapse."

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ ìjọba. Owó tí wọn kò bá ná tán kí ọdún tó parí, ìjọba a gbà á padà, lọ́dún tó ń bọ̀ wọn a sì fún wọn ní èyí tó kéré sí i. Nítorí náà, bí oṣù Kejìlá bá ti dé, wọn a máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Wọn a ra àga sórí àga, wọn a tún kun ilé tí wọ́n kùn lọ́dún tó kọjá, wọn a rán ènìyàn lọ sí ìrìn àjò tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún. Ọkọ mi ti wà nínú ìsáré yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe ti ìjọba. Owó wa ni, ó wà ní báńkì lórúkọ wa.

"Á lapse lọ síbo?" mo ní. "Ta ló fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ yín? Ṣé èmi ni àbí Ìyá Igun?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo wò ó, mo sì rí i dájú pé ìbéèrè yẹn kò wá sí i lọ́kàn rí. Àwọn tó kàwé jùlọ ní gbogbo òpópónà yẹn ti jókòó ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti jẹ mítì-páì mi, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ìbéèrè yẹn wá sí lọ́kàn. "Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ọkọ mi wí. Ó tún gbé ṣíbí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi dìde kúrò nídìí tábìlì, àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dùn lẹ́nu mi.

Ìyá Igun lọ sí ìpàdé pàjáwìrì tí wọ́n pè. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n sọ fún òun. Ó ní bí katakátá bá mú ilẹ̀ tẹ́jú, kòtò ẹ̀gbẹ́ ọgbà òun máa dí, omi kò sì ní mọ ibòmíràn tó máa gbà ju inú ilé òun lọ. Ó ní, "Ọmọ yín ló wà níbẹ̀." Alága fi ẹ̀rín dá a lóhùn, irú ẹ̀rín tí àwọn ọ̀gá fi ń lé ènìyàn jáde ní ọ́fíìsì. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, gọ́tà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tuntun. Wọ́n dìbò. Wọ́n na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé, ọkọ mi náà na tirẹ̀. Mo ranjú mọ́ ọwọ́ yẹn títí tó fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe da ọ̀dà náà. Katakátá mú ilẹ̀ tẹ́jú, ó dí kòtò Ìyá Igun pátápátá, wọ́n sì da ọ̀dà lé e lórí títí ó fi kan ògiri ọgbà rẹ̀. Ọ̀dà tó kù, wọn kò jẹ́ kó kù. Wọ́n dà á sí ẹnu géètì, wọ́n dà á sí ìdí igi máńgòrò, kí iye owó lè bá iye tó wà lórí ìwé mu. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Alága sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi pa wá. Ó pe títì náà ní ẹ̀rí ìṣàkóso rere. Wọ́n ya fọ́tò, gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ìyá Igun kò wá síbẹ̀. Ó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún kejì kò pọ̀, omi kàn dúró díẹ̀ lẹ́nu géètì rẹ̀. Alága gba ibẹ̀ kọjá, ó ní ṣé Màmá ti rí i pé kò sí wàhálà. Òjò tó dé lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi àbọ̀ jẹ́ wọn. Ọ̀sán ni, àwọn òbí ọmọ ṣì wà níbi iṣẹ́. Inú ilé búrẹ́dì ni mo wà, mo gbọ́ ariwo omi lójú títì bí ẹni pé wọ́n ń da òkúta láti inú tírélà. Nígbà tí erùpẹ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀ máa ń mu díẹ̀ nínú omi yẹn. Ọ̀dà kì í mu omi. Mo ju aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré lọ sísàlẹ̀.

Omi pupa ti gbé géètì ya. Nínú yàrá ńlá yẹn, ó ti dé orókún mi, ẹní ń léfòó, bàtà kéékèèké ń léfòó, ìgò wàrà ọmọ ń yí po nínú ẹrẹ̀. Ìyá Igun ti kó gbogbo àwọn ọmọ sórí tábìlì ìjẹun, ó pọn èyí tó kéré jù sẹ́yìn, ọmọ ọmọ alága ni. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú kó má baà yẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, ọmọ mi sì ń rẹ́rìn-ín. Alhaji tó ń gbé ní ọ̀kánkán rẹ̀ ti dé, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, èmi àti òun la sì kó àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a gbé wọn lọ sílé rẹ̀. Kò sí èyí tó fara pa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Alhaji, mo sunkún, mo sì ń ṣépè láàárín ẹkún.

Kí lo rò pé ìgbìmọ̀ ṣe? Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá ṣe àbẹ̀wò. Wọ́n dúró láàárín yàrá tí ẹrẹ̀ bò, wọ́n ń mi orí, ẹnì kan ń ya fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ wọn lọ síbòmíràn, ìyàwó ọmọ alága ló ṣáájú, èmi náà sì kó tèmi. Yàrá náà ṣófo. Ìyá Igun a tún dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ fún un. Àárọ̀ kan tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mi ò lè kí i, mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Títì náà pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ sí bó bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní gbogbo wa máa dáwó àtúnṣe, gẹ́gẹ́ bí iwájú ilé kálukú ṣe gùn tó. Ìwé dé ọwọ́ Ìyá Igun pé kí ó san owó ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọkọ mi ló fọwọ́ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, mo sì lọ jẹ tèmi nínú ilé búrẹ́dì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jí gbọ́ ìró díígà. Ìyá Igun ti gba àwọn lébìrà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, wọ́n ń fọ́ ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ dé igun, wọ́n sì yí igun náà, wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà tóóró tó lọ sí odò. Alága sáré wá, ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì lé pijámà lórí.

"Màmá! Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ mú téèpù wá síbí," Ìyá Igun wí, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ní tèmi ni. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ní tèmi ni. Mo san méjèèjì. Ẹ wá wò ó, mi ò kọjá ààlà mi. Ohun tí mo sanwó rẹ̀ ni mo ń gbẹ́."

Alága ní òun máa pe àwọn aláṣẹ ìlú. Ìyá ní kó tètè pè wọ́n, ó ní bí wọ́n bá dé, kó ṣàlàyé fún wọn ẹni tó fún alága fúnra rẹ̀ láṣẹ láti da ọ̀dà sílẹ̀ ìjọba. Alhaji tó ń wo gbogbo rẹ̀ lẹ́nu géètì tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kai!" ló ní. "Màmá, gaskiya! Òótọ́ lẹ sọ!" Mo sáré padà sílé, mo kó búrẹ́dì gbígbóná wá fún àwọn lébìrà, mo sì pín in fún wọn lójú alága. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè ṣàpèjúwe.

Nígbà tí òjò ńlá mìíràn rọ̀, omi gba inú gọ́tà náà lọ sí odò láì kan ẹnu géètì rẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí padà, tèmi ló ṣáájú. Ọ̀dà tí kò sí omi lórí rẹ̀ mọ́ ní ìsàlẹ̀ yẹn ló kù tó dára jù ní gbogbo òpópónà wa.

Ní ìpàdé ìparí ọdún, alága ka ìròyìn iṣẹ́. Ó ka títì, ó ka jákẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ló ní, "Ìṣàkóso yìí sì tún gbẹ́ gọ́tà sí ìsàlẹ̀ òpópónà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú, títí tó fi rí ojú mi.

Ìyá Igun dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Nígbà tó ti di iṣẹ́ yín, ẹ dá owó tí mo fi gbẹ́ ẹ padà fún mi."

Alága bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ létí, akọ̀wé bá akápò sọ̀rọ̀ létí. Wọ́n ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ká má fi ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n fa igi lé gọ́tà náà nínú ìròyìn, ìpàdé sì tẹ̀ síwájú.

Àwa ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé olè ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bá ọkọ mi wo ìwé owó òpópónà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá jí i ni, ì bá yé mi, nítorí olè ní ohun tó ń wá. Àwọn wọ̀nyí kò wá nǹkan kan. Owó ara wọn ni wọ́n ná, ojúlé ara wọn ni wọ́n bà jẹ́, ọmọ ara wọn ni omi fẹ́ gbé lọ, wọ́n sì ya fọ́tò sí i. Mo ti máa ń rò pé ibì kan wà lọ́nà jíjìn, nínú àwọn ilé gíga láàárín ìlú, tí àwọn tó ń fi ilẹ̀ wa ṣòfò kó ara wọn jọ sí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń wọ mọ́tò padà wálé nírọ̀lẹ́, pé wọ́n máa ń béèrè oúnjẹ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì pa iná. Ọ̀kan nínú wọn ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.